Ta Ni Yóò Kó Ilẹ̀ Náà? Iṣẹ́ Ọnà Àwọn Obìnrin àti Ọ̀rọ̀ Àyíká Wa

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí wá bá mi nílé pé kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọnà àwọn obìnrin tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, àti bí ó ṣe kan àyíká, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Mo ní ṣé wọn kò mọ̀ pé ìwé ìṣirò owó ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kà lẹ́nu iṣẹ́ ọba ni? Èmi kì í ṣe oníṣẹ́ ọnà, n kò sì lè ya àwòrán ewúrẹ́ kí ọmọdé má pè é ní ajá. Ìyáàfin tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ni ó dá mi lóhùn pé, "Ẹ̀yin gan-an ló yẹ kí ẹ sọ ọ́, bàbá wa, nítorí ẹ̀yin lẹ sọ nípàdé ọjọ́sí pé ọ̀rọ̀ ta ni yóò gbá gbọ̀ngàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àgbà ń jókòó lé lórí." Lóòótọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti wá jẹ́bi níwájú yín lónìí.

Ní nǹkan bí ọdún 1970, àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọnà ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin ló kún inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin sì wà ní ilé ìdáná. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan lára wọn wo ilẹ̀, wọ́n wo omi àti afẹ́fẹ́, wọ́n sì rí i pé ohun tí ayé ń ṣe fún ìyá ilé ni ó ń ṣe fún àwọn wọ̀nyí náà: à ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, a kì í dúpẹ́, a kì í sì í béèrè bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọ̀rọ̀ àyíká ti pàdé nìyẹn. N kò ní ka orúkọ gbogbo wọn fún yín. Ọ̀kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, n ó sì fọwọ́ kan àwọn méjì mìíràn.

Ọmọ mi obìnrin tó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì ni ó fi àwòrán kan hàn mí. Nínú àwòrán náà, obìnrin òyìnbó kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akódọ̀tí, ó ń bọ ọkùnrin tó ń kó ìdọ̀tí lọ́wọ́. Mo bi í pé iṣẹ́ ọnà wo ló wà nínú èyí. Ó ní, "Dádì, bíbọ̀ tó ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ ọnà náà." Mo rò ó lọ́kàn mi pé owó ilé ẹ̀kọ́ tí mo san ti wọ igbó. Ọjọ́ tí mo ka ìtàn obìnrin náà dópin ni mo tó dákẹ́.

Mierle Laderman Ukeles ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Denver ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1939. Ó máa ń ròyìn pé nígbà tí òun lóyún, ọkùnrin kan tó ń kọ́ òun ní iṣẹ́ ère wo òun, ó ní iṣẹ́ ọnà ti parí fún òun nìyẹn. Ó bímọ lọ́dún 1968. Ẹ̀yin ìyá mọ ohun tó kù: ìlédìí, oúnjẹ, ilẹ̀ gbígbá, ẹkún òru, ó tún di ìlédìí. Ó rí i pé òun ti pín sí méjì: ọ̀kan ni oníṣẹ́ ọnà tí àwọn ènìyàn ń bi léèrè ohun tó ń ṣe, èkejì ni ìyá ọmọ tí ẹnikẹ́ni kì í bi ní nǹkan kan. Lọ́dún 1969, inú bí i, ó jókòó, ó kọ ìwé ìkéde kan.

Ó pín iṣẹ́ ayé sí ọ̀nà méjì nínú ìwé náà. Ọ̀kan ni dídá ohun tuntun sílẹ̀. Èyí ni à ń pàtẹ́wọ́ fún, tí à ń fi oyè dá lọ́lá. Èkejì ni títọ́jú ohun tó ti wà nílẹ̀ kí ó má baà bàjẹ́. Èyí ni a kì í sanwó rẹ̀, bí a bá sì san án, owó tí kò tó nǹkan ni. Ó béèrè pé lẹ́yìn tí a bá ti jà tán, tí ayé tuntun tí à ń retí ti dé, ta ni yóò kó ilẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè? Ó wá ní láti ìgbà náà lọ, gbogbo fífọ̀, gbígbá, sísè àti títún-nǹkan-ṣe tí òun ń ṣe nílé, iṣẹ́ ọnà ni òun yóò máa pè é, gbangba ni òun yóò sì ti máa ṣe é. Ó dábàá pé kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan gba òun àti ọkọ òun àti ọmọ òun láyè kí àwọn máa gbé inú rẹ̀, kí òun máa gbá ilẹ̀ ibẹ̀, kí òun máa dáná, kí àwọn ènìyàn máa wò ó bí wọ́n ṣe ń wo àwòrán.

Apá tó kan àyíká nínú àbá náà ni mo fẹ́ kí a dúró tì díẹ̀. Ó ní lójoojúmọ́, kí wọ́n máa gbé ẹrù odidi ọkọ̀ akódọ̀tí kan wọ inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, pẹ̀lú àpótí afẹ́fẹ́ tó ti bàjẹ́, omi odò Hudson tó ti dọ̀tí, àti ilẹ̀ tí wọ́n ti pa lára. Inú ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa tún wọn ṣe, tí wọn yóò sọ wọ́n di mímọ́ padà lójú àwọn tó wá wòran. Ẹ ṣàkíyèsí ọdún náà o: 1969. Ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilẹ̀ ayé, oṣù Kẹrin ọdún 1970 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìyá tó ń fọ ìlédìí nílé ti rí i kí wọ́n tó kéde pé odò Hudson àti ìkókó ọwọ́ òun, ìtọ́jú kan náà ni àwọn méjèèjì ń fẹ́. N kò rò pé ọkùnrin ni ì bá kọ́kọ́ rí i. Kì í ṣe pé a kò ní ọpọlọ; ọwọ́ wa ni kò sí nínú omi.

Àwa Yorùbá tilẹ̀ ní ẹ̀rí kan nínú èdè wa tí a kì í fiyè sí. Ilẹ̀ ni à ń pe ibi tí a fẹsẹ̀ tẹ̀. Ohun tí ọwọ̀ gbá jọ, ilẹ̀ náà ni à ń pè é: a ní kí ọmọ lọ da ilẹ̀ nù. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi láìmọye ìgbà, n kò sì ronú rí pé níbo gan-an ni "nù" yẹn wà. Ilẹ̀ ni à ń dà sórí ilẹ̀.

Kò rí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó gba odidi àbá náà. Kò sì jókòó dè wọ́n. Ní oṣù Keje ọdún 1973, ó lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Wadsworth Atheneum ní ìlú Hartford, ó kúnlẹ̀, ó fi omi àti ìlédìí ọmọ fọ àtẹ̀gùn ìta fún wákàtí 4, ó sì fọ ilẹ̀ inú ilé fún wákàtí 4 mìíràn. Àwọn àlejò ń kọjá, wọ́n ń fi bàtà tẹ ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, òun náà sì ń padà síbẹ̀. Kò sí obìnrin kan nínú gbọ̀ngàn yìí tí mo ní láti ṣàlàyé èyí fún.

Lọ́dún 1976, ó bá àwọn 300 òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ilé ọ́fíìsì ńlá kan ní New York ṣe irú iṣẹ́ yìí. Akọ̀ròyìn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé ìròyìn. Ẹ rántí pé ìlú New York fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbèsè kú lọ́dún 1975. Akọ̀ròyìn náà ní bí ilẹ̀ gbígbá bá ti di iṣẹ́ ọnà, kí ilé iṣẹ́ tó ń kó ìdọ̀tí ìlú náà lọ tọrọ lára owó tí ìjọba ń fún àwọn oníṣẹ́ ọnà. Obìnrin yìí kò bínú. Ó gé ìwé ìròyìn náà, ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n pè é. Láti ọdún 1977 ni ó ti di oníṣẹ́ ọnà ilé iṣẹ́ akódọ̀tí ìlú New York, láìgba owó oṣù.

Iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀ ni àwòrán tí ọmọ mi fi hàn mí. Fún oṣù 11, láti ọdún 1979 wọ 1980, ó lọ káàkiri gbogbo ẹkùn 59 tí ìlú náà ní, ó ń bá wọn jí ní kùtùkùtù, ó ń bá wọn wà ní ìṣẹ́ òru, títí ó fi kojú òṣìṣẹ́ 8,500. Ó bọ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan pé òun ló mú kí ìlú wà láàyè.

Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ìbàdàn rántí agbépóò. Òru ni wọ́n ń wá, wọ́n á ti fi aṣọ bo ojú, nítorí wọn kò fẹ́ kí ará ilé wọn mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. À ń di imú, à ń sá, àwọn àgbà sì ń kìlọ̀ fún wa pé kí a má bú wọn, kí wọ́n má baà da ohun tó wà lórí wọn sí ẹnu ọ̀nà wa. Ẹ̀rù ló pa wá lẹ́nu mọ́, kì í ṣe ọ̀wọ̀. N kò rí ẹni tó bọ agbépóò lọ́wọ́ rí.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin New York náà sọ fún un pé ní ọdún 17 ṣáájú, lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, òun àti ẹnìkejì òun jókòó sí àtẹ̀gùn ilé obìnrin kan láti sinmi díẹ̀. Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn, ó lé wọn dànù pé wọn yóò mú kí iwájú ilé òun máa rùn. Ọ̀rọ̀ náà há ọkùnrin yìí lọ́fun fún ọdún 17. Lọ́dún 1984, Ukeles ṣe àfihàn kan, ó kọ àwọn orúkọ èébú tí wọ́n ń pe àwọn òṣìṣẹ́ náà sí ara gíláàsì ilé, ó sì pe àwọn ènìyàn jọ kí wọ́n wá fọwọ́ ara wọn fọ̀ wọ́n kúrò. Ọkùnrin sì ni gbogbo àwọn tí mo ń sọ yìí o; ọdún 1986 ni ìlú náà tó gba obìnrin sí iṣẹ́ yẹn. Wọ́n ń sọ fún un pé àwọn ará ìlú ń ṣe wọ́n bí ìyá ilé, bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìjà àwọn obìnrin yìí kì í ṣe obìnrin sí ọkùnrin lásán. Ẹni tí ọwọ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń jà fún.

Lọ́dún 1983, ó fi dígí bo ara odidi ọkọ̀ akódọ̀tí kan, ọkọ̀ náà sì bá wọn rìn nínú ìwọ́de. Ẹni tó bá bojú wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ ni yóò rí. Ààtàn ńlá ìlú náà, tí wọ́n ń pè ní Fresh Kills, ní erékùṣù Staten Island, wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú láti ọdún 1989. Ọdún 1948 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ilẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ó di òkè lórí òkè lórí ilẹ̀ éékà 2,200. Oṣù Kẹta ọdún 2001 ni wọ́n tì í, wọ́n sì tún ní láti ṣí i nígbà tí wọ́n ń kó àwókù ilé World Trade Center lọ́dún yẹn kan náà. Wọ́n ti ń sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà náà, wọ́n sì ṣí apá kan rẹ̀ ní ìhà àríwá fún ará ìlú lọ́dún 2023. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọdún 22 lẹ́yìn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Mo ní ẹjọ́ tèmi láti rò.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ, ìwé owó méjì wà lórí tábìlì mi lọ́jọ́ kan. Ọ̀kan jẹ́ ti agbaṣẹ́ṣe tó mọ ère ńlá kan sí ráńdábáòtù, tí wọ́n fẹ́ ṣí kí àlejò pàtàkì kan tó dé. Èkejì jẹ́ owó oṣù mẹ́ta ti àwọn obìnrin tó ń gbá títì. Owó tó wà nílẹ̀ kò ká méjèèjì. Ti ère ni mo fọwọ́ sí. Kò sí ẹni tó fipá mú mi. Ohun tí mo rò ni pé ère yóò wà níbẹ̀ fún àádọ́ta ọdún, ìdọ̀tí títì yóò sì tún wà níbẹ̀ lọ́la. Àwọn obìnrin náà wá jókòó sí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wa fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà wọlé. Ní ọjọ́ kejì, mo bá ìyá àgbà kan nínú wọn ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé náà, ó ń gbá a. Ó kí mi, ó sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè kọjá.

Ère náà ti wó. Simẹ́ńtì rẹ̀ kò dára.

Nítorí náà, nígbà tí mo ka ìtàn obìnrin kejì, Agnes Denes, ara mi ni mo ń rí nínú rẹ̀. Ọmọ ìlú Budapest ní orílẹ̀-èdè Hungary ni, wọ́n bí i lọ́dún 1931. Ó wà lára àwọn obìnrin tó dá ilé àfihàn A.I.R. sílẹ̀ ní New York lọ́dún 1972, kí obìnrin lè ní ibi tí yóò ti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn láìtọrọ àyè. Àjọ Public Art Fund ní kí ó ṣe iṣẹ́ ọnà kan fún gbangba ìlú. Ó ní òun kò ṣe ère. Ó gbin àlìkámà. Ọdún 1982 ni, nítòsí Wall Street níbi tí àwọn olówó ayé ti ń ná owó, lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ ìpìlẹ̀ World Trade Center dí odò. Wọ́n ní iye owó ilẹ̀ náà tó bílíọ̀nù dọ́là 4.5. Wọ́n da ẹrù iyẹ̀pẹ̀ ọkọ̀ 200 síbẹ̀, wọ́n ṣa òkúta àti pàǹtírí kúrò, wọ́n fi ọwọ́ la poro 285, éékà 2. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ, wọ́n kórè àlìkámà tó lé ní 1,000 pọ́n-ùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti roko rí mọ̀ pé ìyẹn kò tó nǹkan, bí àpò mẹ́sàn-án tí a ń di 50 kílò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ ní láti bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí oúnjẹ fi dà bí eré lórí ilẹ̀ tó wọ́n tó báyẹn.

Ìdọ̀tí kan wà tí ọwọ̀ kò ká, àwa tí à ń gbé ìpínlẹ̀ Rivers sì mọ̀ ọ́n. Sokari Douglas Camp, ọmọ Kalabari tí wọ́n bí ní Buguma lọ́dún 1958, fi í ṣe iṣẹ́ ọnà. Irin ni obìnrin yìí ń jó, iṣẹ́ tí à ń pè ní ti ọkùnrin. Lọ́dún 2006, ó fi irin tí kì í dípẹtà kọ́ odidi bọ́ọ̀sì kan, irú èyí tí à ń wọ̀ ní títì wa, ó kó àgbá epo lé orí rẹ̀, ní ìrántí Ken Saro-Wiwa àti àwọn ọmọ Ogoni mẹ́jọ tí ìjọba ológun pokùn so ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1995. Wọ́n gbé bọ́ọ̀sì náà káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ikú wọn pé ogún ọdún, lọ́dún 2015, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Ogoni, àwọn aṣọ́bodè sì gbẹ́sẹ̀ lé e ní èbúté Èkó. Bọ́ọ̀sì tí kò lè gbé èrò kan! Ìwádìí tí àjọ UNEP gbé jáde lọ́dún 2011 ti sọ pé fífọ ilẹ̀ àti omi Ogoni mọ́ kúrò nínú epo rọ̀bì lè gba ọdún 25 sí 30. Fífọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀yin ènìyàn mi.

Láti òpin ọdún 2016 ni lẹ́búlẹ́bú dúdú ti ń bọ́ sílẹ̀ láti ojú ọ̀run ìlú yìí. Ẹ rántí bí aṣọ tí a sá ṣe ń dúdú lórí okùn, tí ọmọ ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ dúdú gun bẹ́ẹ̀dì. A sọ̀rọ̀ rẹ̀ nípàdé ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ epo tí wọ́n ń fọ́ nínú igbó, ọ̀rọ̀ gáàsì tí wọ́n ń sun, ọ̀rọ̀ ìjọba. Lọ́dún 2017, ìyàwó mi ń nu ilẹ̀ pálọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Èmi ń ka ìròyìn lẹ́búlẹ́bú náà lórí àga, mo sì ń gbé ẹsẹ̀ mi sókè kí ó lè nu abẹ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí ìwé yìí tó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé, mo bá ìgbìmọ̀ wá wo gbọ̀ngàn yìí. Àwọn ìyá mẹ́ta ń nu àwọn àga tí ẹ jókòó lé yìí. Aṣọ funfun kan tí wọ́n fi nu ojú fèrèsé wà nínú garawa, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, mo sì bẹ akọ̀wé ẹgbẹ́ pé kí a má fọ̀ ọ́. Ó wà lára ògiri lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán àwọn alága wa àtijọ́, pẹ̀lú orúkọ àwọn ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lábẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe fọwọ́ ara wọn kọ ọ́. Ẹ wò ó bí ẹ bá ń jáde.